Ọjọ́ Tí Àsansílẹ̀ Wọlé

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, ìdí ìṣirò owó ni wọ́n fi mí sí. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìbejì wà nínú wọn. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe báàgì lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ọ̀kan lè gbà mí tó oṣù kan. Bí mo bá parí rẹ̀, mo máa ń gbé e sórí tábìlì kí n lè máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní àkókò ni mò ń fi ṣòfò, pé kí ni mò ń wò, ṣebí kí n tà á. Mo gbà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n ṣe mẹ́rìnlá fún ayẹyẹ ìyá òun, ó sì san ìdajì owó sílẹ̀. Mo ti ṣe mẹ́fà, ó wá sú mi pátápátá. Bí mo bá rí ìlẹ̀kẹ̀ báyìí, àyà mi á já. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni? Ṣé kí n kúkú pa á tì? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí okùn rẹ̀ máa ń já níbi ọwọ́ báàgì? Àti pé búlúù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo ń ṣe fún ara mi ti tán ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà.
— Ìyá Ìbejì, Iléṣà

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, o kú iṣẹ́ ilé, o kú tàwọn ọmọ. Mo ń fi “o” bá ọ sọ̀rọ̀ nítorí pé mo ti tó ìyá fún ọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì kúkú ni ọ́, àwọn àgbà yín ò ka “ẹ” àpọ́nlé yìí sí nǹkan kan.

Ọ̀lẹ kọ́ ni ọ́. Ẹni tó kúrò ní ọ́fíìsì, tó dáná, tó wẹ̀ fún ọmọ mẹ́ta, tó tún wá tan láńtà láago mẹ́wàá alẹ́ kó lè máa fi okùn wá ojú ìlẹ̀kẹ̀, orúkọ mìíràn ni ká wá fún un. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ibì kan náà ni mo ń padà sí: “ó sì san ìdajì owó sílẹ̀.” Ṣáájú ọjọ́ yẹn, báàgì lò ń ṣe. Láti ọjọ́ yẹn, gbèsè lò ń san.

Mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà. Ìran òṣómàáló ni ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn. Àwọn bàbá yín ló ń kó aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á gbé e fún oníbàárà láwìn, bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni mo máa ló títí n ó fi gbowó mi. Ẹni tí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀ tó rí báàgì tó rẹwà lórí tábìlì, kí ló fẹ́ béèrè bí kò ṣe èló? Kì í sì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Lẹ́nu gbogbo wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni ohun tí a fi ń jẹun. Ọmọ tí a ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, a fẹ́ kó ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, kó gba ṣọ́ọ̀bù, kó máa bọ́ ara rẹ̀. Èyí tí kò bá mówó wọlé, eré la máa ń pè é. Ó wá jẹ́ pé ohun tó le bí iṣẹ́, tó gba sùúrù bí iṣẹ́, tí a kò sì tà, kò ní orúkọ kan gbòógì láàárín wa. Àwọn kan ń pè é ní àṣenajú. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló ń najú nídìí ìlẹ̀kẹ̀? Ojú gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rò pé alẹ́ rẹ máa ń rí, kó o wò ó bóyá irọ́ ni mo pa. Mo gbà pé mẹ́rin-mẹ́rin lo fi ń hun ún. O sín ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin, o mú orí okùn méjèèjì gba inú ìkẹrin kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, o fà á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ara wọn jọ. Lẹ́yìn náà, mẹ́ta ló kù tí wàá máa sín, nítorí pé ìkẹrin ti wà nílẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. O dé igun, o yí i. Nígbà tó bá fi di ìlà kẹta, ọwọ́ ti mọ ọ̀nà, ẹnu á dákẹ́, ọkàn náà á dákẹ́ tẹ̀lé e. Àfi lójijì tí o rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti ń wọ́. O bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Yéè, márùn-ún lo kó sí ojú kan tó yẹ kó jẹ́ mẹ́rin, láti ìlà mẹ́ta sẹ́yìn! O pòṣé. O tú u.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ nídìí títú yẹn, nítorí àwọn tí kì í ṣe é rò pé ìyà ni. Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe láti àárọ̀ títí dalẹ́, mélòó ló ṣeé tú? Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu wa sí ọkọ, ẹyin ni, ó ti fọ́. Nọ́ńbà tí o kọ sínú ìwé ìṣirò tó sì ti dé iwájú ọ̀gá, lẹ́tà ló máa bí. Ìlẹ̀kẹ̀ ń gbà kí a tú u. Àṣìṣe náà wà níwájú rẹ, o lè fi èékánná kàn án, o mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa pè ọ́ sí ìpàdé lórí rẹ̀. O tú u, o tún un sín, ó gún. Lójú tèmi, ìdajì adùn iṣẹ́ yìí wà níbẹ̀, bó o tilẹ̀ ń pòṣé.

Ìdajì kejì ni pé ó máa ń parí. Ìṣirò oṣù yìí á tán, ti oṣù tó ń bọ̀ á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Abọ́ tí a fọ̀ lálẹ́, a ó tún un fọ̀ láàárọ̀. Báàgì ní ìsàlẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́, ó ní ọwọ́, ó tán. Ìdí tí o fi ń gbé e sórí tábìlì nìyẹn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìgbéraga mọ́ ọ lójú. Èmi tí mo dàgbà tó báyìí, mo ṣì máa ń dìde lóru lọ tanná wo ẹ̀gbà ọrùn tí mo sín tán lọ́sàn-án.

Tí ọkọ rẹ bá bi ọ́ pé kí ni gbogbo èyí ń ṣe fún ara, sọ èyí fún un. Lọ́dún 2016, Girija Kaimal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Àgbàlagbà 39 ni wọ́n kó jọ, wọ́n fún wọn ní amọ̀, bébà àti gègé aláwọ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 45 ṣe ohun tó bá wù wọ́n. Wọ́n yẹ itọ́ wọn wò ṣáájú, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí kọ́tísọ́ọ̀lù ṣe pọ̀ tó níbẹ̀, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí nǹkan bá ká wa láyà. Nínú ẹni mẹ́rin, ti mẹ́ta wálẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé ẹni tó ti mọ iṣẹ́ ọnà ṣe tipẹ́ àti ẹni tí kò ṣe é rí, bákan náà ni fún wọn. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di oògùn o. Ti ẹnì kẹrin ò wálẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ.

Ìwádìí tó kan ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, 1973 ló jáde. Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett lọ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà nínú Yunifásítì Stanford. Wọ́n ṣa ọmọ 51 tó jẹ́ pé gègé aláwọ̀ ni wọ́n máa ń sáré lọ mú bí wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ṣeré. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí kan han àwọn àkọ́kọ́, ìràwọ̀ wúrà ńlá wà lára rẹ̀, ríbọ́ọ̀nù pupa wà níbẹ̀, wọ́n ní bí ẹ bá ya àwòrán, tiyín ni. Àwọn kejì ya tiwọn láìsí ẹni tó ṣèlérí fún wọn. Ìgbà tí wọ́n parí ni wọ́n kàn rí ìwé ẹ̀rí kan náà gbà. Àwọn kẹta ò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, wọ́n tún gbé gègé náà síta, kò sí ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n ń wo ẹni tó máa lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti bá ṣàdéhùn, bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù lò ni wọ́n lò nídìí rẹ̀. Àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì ńkọ́? Wọ́n ń ya tiwọn lọ ràì.

Ìyá Ìbejì, wò ó dáadáa. Ìwé ẹ̀rí kan náà ni ọ̀wọ́ méjèèjì gbà. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ló ń ba nǹkan jẹ́, ì bá ti ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Àdéhùn tó ṣáájú iṣẹ́ ló ṣe é. Ìyẹn ni mo fi ní kì í ṣe owó ló kó ọ sí wàhálà. Àsansílẹ̀ ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ìlódè ni mo ń gbé níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ ọnà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan ní kí n sín ẹ̀gbà ọrùn 30 fún ìgbéyàwó ọmọ òun, kí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà. Ó san owó sílẹ̀, owó gidi ni. Nígbà tí mo sín ìkọkànlá tán, mo dédé rí i pé mi ò tíì wo èyíkéyìí nínú wọn. Mo kàn ń kà wọ́n ni. Mo fi agídí parí 30, mo kó wọn lọ, obìnrin náà wò ó, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ò bá gèlè mu, pé kí n fi owó tó kù jì í. Mi ò tíì gbàgbé. Ó tó ọdún méjì kí n tó tún mú abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tó dá mi padà ò tiẹ̀ lárinrin: bèbè ìdí ọmọ-ọmọ mi já sílẹ̀ ní pálọ̀, a jọ ń ṣà á lábẹ́ àga, mo ní kí n yáa tún un sín fún un. Nígbà tí mo dé àárín, mo fi ẹyọ pupa kan sí àárín funfun. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní kí n fi síbẹ̀.

Bí oníbàárà ṣe máa ń ná iṣẹ́ ọwọ́ ẹni pàápàá, ó ní ìdí tó fi máa ń dunni. Michael Norton, Daniel Mochon àti Dan Ariely kọ nípa rẹ̀ ní 2012. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn ká bébà di ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ẹyẹ, wọ́n wá bi wọ́n pé èló ni wọ́n lè fi ra ohun tí wọ́n ká yẹn. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ká a ní òun lè san bíi sẹ́ǹtì 23. Ẹlòmíràn tó wo bébà kan náà ní sẹ́ǹtì 5. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní “báàgì yìí náà, ẹ gba ẹgbẹ̀rún mélòó kan,” má rò pé ó ń bú ọ. Sẹ́ǹtì márùn-ún tirẹ̀ ló ń sọ, ìwọ ń fi etí mẹ́tàlélógún gbọ́ ọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́, kò sí èèwọ̀ nínú títa ìlẹ̀kẹ̀, ní Ifẹ̀ ẹlẹ́lẹ̀kẹ̀! Ní Igbó Olókun níbí, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Èròjà inú dígí náà ò jọ ti ilẹ̀ òkèèrè kankan, ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣe é láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, a sì ti rí irú rẹ̀ dé Gao ní Málì. Òwò ńlá ni. Àmọ́ oníṣẹ́ tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ ní ọmọ iṣẹ́, ọ̀sán ló fi ń ṣe é, ó sì mọ bí a ti ń wo ojú oníbàárà ká sọ pé “kò ní ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ yìí.” Ìwọ ò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òru nìkan lo ní, òru náà sì ti di ti ìyá onímẹ́rìnlá.

Bó o bá ráyè wá sí Ifẹ̀, jẹ́ ká lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ láyé àtijọ́. Ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba níbí, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ẹrẹ̀ má bàa kan òun lẹ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ tí ẹrẹ̀ nìkan ni, wọn ì bá da àpáàdì sílẹ̀ kí wọ́n gún un mọ́lẹ̀, ó tán. Ṣùgbọ́n òòró ni wọ́n rì wọ́n, wọ́n tò wọ́n ní ìlà-ìlà, èyí dagun sọ́tùn-ún, èyí dagun sósì, bí imọ̀ ọ̀pẹ, níbòmíràn wọ́n sì to òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín wọn. Ẹsẹ̀ Lúwo ò mọ̀ bóyá imọ̀ ọ̀pẹ ni òun ń tẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, tó ń to àpáàdì láti àárọ̀, òun ló mọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlá. Ìwọ tí o wà nídìí ìṣirò owó, ṣé o ti jókòó ṣe ìṣirò yìí? Ìdajì owó mẹ́rìnlá, owó báàgì méje nìyẹn. O ti ṣe mẹ́fà. Owó báàgì kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ! Èyí tó ń já ọ láyà láti ìgbà yìí wá, ọ̀kan ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Ṣe ìkeje tàbí kó o dá owó rẹ̀ padà, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lọ bá ẹni náà lọ́la, má fi dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ayẹyẹ ní ọjọ́. Sọ fún un pé agbára rẹ ò gbé e, kó tètè wá ẹlòmíràn. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jẹun pọ̀ ní Iléṣà, o sì lè bá a wá ọ̀kan, kó o ta ìlẹ̀kẹ̀ tí o ti rà sílẹ̀ fún un ní iye tí o rà á. Ojú á tì ọ́ díẹ̀. Ojú á là.

Lẹ́yìn náà, kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Má ṣe báàgì mọ́ fún ìgbà díẹ̀; báàgì ló dá ọ lágara. Nígbà tí ọwọ́ bá ń yún ọ, sín ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn ìbejì, kí Táyé yan àwọ̀ ti Kẹ́hìndé, kí Kẹ́hìndé yan ti Táyé, kó o gbọ́ ìjà. Bó bá tún wù ọ́ láti ta nǹkan lọ́jọ́ iwájú, tà á, mi ò ní kó o má tà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó parí ná. Jẹ́ kó wà lórí tábìlì títí wàá fi wò ó tán. Ẹni tó bá rí i níbẹ̀ tó sì fẹ́ ẹ, kó o dá iye lé e. Ẹni tó bá ní “bá mi ṣe irú ẹ̀ mẹ́wàá, gba ìdajì owó,” rẹ́rìn-ín sí i, kí o ní rárá.

Bó bá jẹ́ pé owó ilé ni kò tó, tó jẹ́ pé o nílò òwò yìí lóòótọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, kó o tún kọ̀wé sí mi. Ìgbà yẹn, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́, a ó sọ̀rọ̀ ọ̀sán Sátidé, a ó yọ òru kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, má ṣàlàyé kankan fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tó bá wá kí ọ, na okùn sí i, da ìlẹ̀kẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó má bàa yí lọ, ní kó bá ọ sín ìlà kan. Bó bá fi tú u lẹ́ẹ̀kan, tó tún pòṣé, tó ní “gbé e wá, jẹ́ kí n tún un ṣe,” kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ gbọ́.

Okùn tó ń já níbi ọwọ́ báàgì: ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fura pé o ń gba okùn kọjá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹrù inú báàgì ibẹ̀ ló rọ̀ mọ́. Gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kó o sì mú un sọ̀ kalẹ̀ sínú ara báàgì tó ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó o tó ta á ní kókó. Fi náílọ́ọ̀nù tó nípọn díẹ̀ sí i ṣe ọwọ́ náà. Wo ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ tí o lò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ dígí, ó lè mú bí abẹ, òun ló ń gé okùn díẹ̀díẹ̀. Fi èyí tí ẹnu rẹ̀ ń dán sí ojú ibẹ̀. Má sì fi iná jó orí kókó jù, náílọ́ọ̀nù tí iná bá ti rà máa ń gan, gígan ló fi ń ṣẹ́. Bó o bá rán aṣọ sínú báàgì náà, kó o rán an dé ìdí ọwọ́, aṣọ ni yóò máa gbé ẹrù, ìlẹ̀kẹ̀ á máa ṣe fújà.

Búlúù tó tán: mo ní ìwọ̀n ife kan nínú àpótí mi. Ó lè dúdú díẹ̀ ju tìrẹ lọ. Má dúró dìgbà tí tìrẹ bá tán pátá kó o tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò dà bí aṣọ tí a lẹ̀. Láti ìlà tó kàn, sín ọ̀kan nínú tìrẹ, ọ̀kan nínú tèmi, títí tìrẹ á fi wọ́n kúrò. N ó wá ẹni tó ń bọ̀ ní Iléṣà fi rán. Má fi owó ránṣẹ́ sílẹ̀ dè é o.